Ǹjẹ́ Ó Yẹ Kí A Máa Fi Àkọsílẹ̀ Akẹ́kọ̀ọ́ Ṣe Ètò Ẹ̀kọ́ Àwọn Ọ̀dọ́langba?

Yorùbá bọ̀, wọ́n ní bí ọmọdé bá ṣubú, a wo iwájú. Bí àgbà bá ṣubú, a wo ẹ̀yìn. Ohun tí àgbà ń wá lẹ́yìn ni ohun tí ó gbé e ṣubú, kí ó má baà tún fi ẹsẹ̀ kọ ọ́ lẹ́ẹ̀kejì. Ní ilé ẹ̀kọ́ sẹ́kọ́ńdìrì, ẹ̀yìn tí ó yẹ kí á máa wò kò jìnnà rárá. Ó wà nínú rẹ́jísítà tí tíṣà ń pè ní àràárọ̀, ó wà nínú ìwé máàkì, ó sì wà nínú ripọ́ọ̀tì tí ẹ ń mú lọ sílé ní ìparí sáà kọ̀ọ̀kan. Síbẹ̀, ní ọ̀pọ̀ ilé ẹ̀kọ́, bí a bá ti kọ àkọsílẹ̀ wọ̀nyí tán, inú àpótí ni a ń tì wọ́n mọ́, eruku a sì bò wọ́n. Èrò tèmi ni pé ó yẹ kí á máa ṣí wọn wò kí á tó pinnu iṣẹ́ tí ọ̀dọ́langba yóò kọ́, kíláàsì tí yóò wọ̀, àti irú ìrànlọ́wọ́ tí a ó ṣe fún un. Ẹ̀yin tí ẹ ń múra ìdánwò ìwé mẹ́wàá gan-an ni ọ̀rọ̀ yìí kàn jù lọ, nítorí pé orí yín ni ètò náà dá lé.

Kí ọ̀rọ̀ mi lè yé yín yékéyéké, ẹ jẹ́ kí n kọ́kọ́ sọ ohun tí mo ń pè ní àkọsílẹ̀ akẹ́kọ̀ọ́. Mẹ́rin ni mo ní lọ́kàn. Ìkíní ni rẹ́jísítà, tí ó ń sọ ẹni tí ó wá àti ẹni tí kò wá. Ìkejì ni ìwé máàkì. Ní ọ̀pọ̀ ilé ẹ̀kọ́, tẹ́ẹ̀sì àti iṣẹ́ àṣetiléwá ni ó ń kó 40 nínú 100, ìdánwò ìparí sáà a sì kó 60 tí ó kù. Ìkẹta ni ripọ́ọ̀tì, níbi tí tíṣà ti ń kọ ọ̀rọ̀ díẹ̀ nípa ìwà àti ìṣe ọmọ. Ìkẹrin ni ìjábọ̀ tí àwọn olórí olùyẹ̀wò WAEC máa ń kọ lórí iṣẹ́ kọ̀ọ̀kan lẹ́yìn ìdánwò. Nínú rẹ̀ ni wọ́n ti ń sọ ibi tí àwọn akẹ́kọ̀ọ́ ti ṣe dáadáa, ibi tí wọ́n kù sí, àti ohun tí ó yẹ kí wọ́n ṣe sí i. Àkọsílẹ̀ mẹ́ta àkọ́kọ́ ń sọ nípa ọmọ kọ̀ọ̀kan. Ìkẹrin ń sọ nípa gbogbo ẹgbẹ́ rẹ̀.

Ẹ lè bi mí pé kí ló dé tí mo fi ń tẹnu mọ́ àwọn ọ̀dọ́langba. Ìdí rẹ̀ ni pé ìgbà yìí ni oríta ń dé. Nígbà tí ìjọba àpapọ̀ gbé ìwé ìlànà ètò ẹ̀kọ́ jáde ní 1977, tí wọ́n tún un ṣe ní 1981, tí ètò 6-3-3-4 sì bẹ̀rẹ̀ ní 1982, wọ́n mọ̀ọ́mọ̀ pín ọdún mẹ́fà ti sẹ́kọ́ńdìrì sí méjì ni. Èrò wọn ni pé ní òpin ọdún mẹ́ta àkọ́kọ́, a ó wo gbogbo iṣẹ́ tí ọmọ ti ṣe láti ìbẹ̀rẹ̀, kì í ṣe ìdánwò ọjọ́ kan ṣoṣo. Lẹ́yìn náà ni a ó mọ̀ bóyá sẹ́kọ́ńdìrì àgbà ni ó yẹ kí ó lọ, tàbí ilé ẹ̀kọ́ ìmọ̀ ẹ̀rọ, tàbí ibi tí yóò ti kọ́ṣẹ́ ọwọ́. Àwọn àgbà ti sọ ọ́ pé ọ̀nà kan kò wọ ọjà. Ètò náà gba gbogbo ọ̀nà wọ̀nyí láyè, ṣùgbọ́n orí àkọsílẹ̀ ni ó dúró lé. Bí a bá yọ àkọsílẹ̀ kúrò nínú rẹ̀, kò sí ohun tí ó kù ju pé kí a máa méfò.

Ẹ sì wo ohun tí ń ṣẹlẹ̀ ní ọ̀pọ̀ ibi. Bàbá kan fẹ́ kí ọmọ òun di dókítà, nítorí náà kíláàsì Sáyẹ́ǹsì ni dandan. Ọmọ mìíràn ń tẹ̀lé ọ̀rẹ́ rẹ̀ lọ sí kíláàsì Áàtì. Òmíràn sì bá ara rẹ̀ ní kíláàsì Kọmáṣà nítorí pé ibẹ̀ ni ààyè ṣì wà. Nínú àwọn mẹ́tẹ̀ẹ̀ta yìí, kò sí ẹni tí ó bèèrè ohun tí ripọ́ọ̀tì mẹ́sàn-án tí ọmọ náà ti gbà láàárín ọdún mẹ́ta ń sọ. Lẹ́yìn ọdún mẹ́ta mìíràn, F9 nínú Físíìsì ni yóò wá dáhùn ìbéèrè tí a kò bèèrè. Owó ìdánwò mìíràn tún dé nìyẹn, àti ọdún kan mìíràn lórí ọjọ́ orí ọmọ.

Ẹ jẹ́ kí á fi àpẹẹrẹ kan yanjú ọ̀rọ̀ náà. Ká ní akẹ́kọ̀ọ́ méjì wà tí wọ́n fẹ́ wọ sẹ́kọ́ńdìrì àgbà. Nínú Ìṣirò, ẹni àkọ́kọ́ gba 35 ní ọdún kìíní, 50 ní ọdún kejì, 65 ní ọdún kẹta. Ẹnì kejì gba 65, lẹ́yìn náà 50, lẹ́yìn náà 35. Bí ẹ bá ro máàkì àwọn méjèèjì pọ̀, tí ẹ sì fi ọdún mẹ́ta pín in, 50 ni yóò fún ẹnì kọ̀ọ̀kan wọn. Ẹni tí ó bá wo 50 yìí nìkan yóò ní ọgbọọgba ni wọ́n. Ṣùgbọ́n ohun tí ó wà lẹ́yìn ẹ̀fà ju èje lọ. Ọmọ kan ń gun òkè, èkejì ń sọ̀ kalẹ̀. Ẹni àkọ́kọ́ lè dojú kọ Sáyẹ́ǹsì láìfòyà. Ní ti ẹnì kejì, a gbọ́dọ̀ wádìí ohun tí ó ṣẹlẹ̀ láàárín ọdún kìíní sí ìkẹta kí á tó sọ pé kò mọ̀wé. Ó lè jẹ́ pé ojú ni kò ríran rí ara pátákó mọ́. Ó lè jẹ́ pé tíṣà yí padà, tàbí pé nǹkan kan ṣẹlẹ̀ nílé. Àkọsílẹ̀ kò sọ ìdí rẹ̀ fún wa, ṣùgbọ́n ó fi ibi tí ó yẹ kí á ti bẹ̀rẹ̀ ìbéèrè hàn wá.

Rẹ́jísítà náà mọ ọ̀rọ̀ í sọ bí a bá fara balẹ̀ kà á. Ẹ ronú nípa ọmọbìnrin kan tí ó pa ilé ẹ̀kọ́ jẹ ní ọjọ́ Ajé àti ọjọ́ Ẹtì nínú ọ̀sẹ̀ kìíní. Ní ọ̀sẹ̀ kejì, ọjọ́ Ìṣẹ́gun ni kò wá. Ní ọ̀sẹ̀ kẹta, Ọjọ́rú ni. Ní ọ̀sẹ̀ kẹrin, Ọjọ́bọ̀ ni. Tíṣà tí kò ronú jinlẹ̀ yóò sọ pé ìpáǹle ni, pé ìgbà tí ó bá wù ú ni ó ń wá. Ṣùgbọ́n bí ẹ bá ka ọjọ́ náà bí àwọn bàbá wa ti ń kà á, tí ẹ kò sì yọ Sátidé àti Sọ́ńdè kúrò, ẹ ó rí i pé ọjọ́ karùn-ún karùn-ún ni. Ọjọ́ ọjà ni! Ọmọ náà ń bá ìyá rẹ̀ gbé ẹrù lọ sí ọjà ọrọọrún. Ẹgba kò lè wo irú àìsàn yìí sàn. Ohun tí yóò ràn án lọ́wọ́ ni pé kí ọ̀gá ilé ẹ̀kọ́ ránṣẹ́ pe ìyá rẹ̀, kí wọ́n jọ jíròrò bí ọmọ yóò ṣe máa wá sí kíláàsì, ó kéré tán títí di ọwọ́ ọ̀sán, kí tíṣà sì ṣètò bí yóò ṣe rí iṣẹ́ ọjọ́ tí kò wá kọ. Orí bíbẹ́ kọ́ ni oògùn orí fífọ́.

Bí àkọsílẹ̀ ti wúlò fún ọmọ kan, bẹ́ẹ̀ náà ni ó wúlò fún kíláàsì lódindi. Bí akẹ́kọ̀ọ́ 40 bá ṣe tẹ́ẹ̀sì, tí ẹnì kan ṣoṣo sì kùnà ìbéèrè kan, ọ̀dọ̀ ọmọ náà ni kí á lọ. Ṣùgbọ́n bí 30 nínú wọn bá kùnà ìbéèrè kan náà, ẹ̀kọ́ ọ̀hún ni kí á yẹ̀ wò. Bóyá wọn kò tíì kọ́ wọn dé ibẹ̀, bóyá wọ́n sáré kọjá rẹ̀, bóyá kò sì sí ohun èlò tí wọ́n fi lè ṣe àlàyé. Ibí yìí ni ìjábọ̀ àwọn olórí olùyẹ̀wò ti wúlò púpọ̀. Bí wọ́n bá sọ nínú rẹ̀ pé ọ̀pọ̀ akẹ́kọ̀ọ́ kò ka ìtọ́sọ́nà orí ìwé ìbéèrè, tàbí pé wọ́n ń sá fún apá kan nínú iṣẹ́ náà, ó yẹ kí olùkọ́ tí ó ní kíláàsì ọdún tí ń bọ̀ tún ètò rẹ̀ tò. Ìjábọ̀ ọdún tí ó kọjá tí kò yí ohunkóhun padà nínú ètò ọdún yìí, ńṣe ni a kàn fi tàdáwà ṣòfò.

Ìjọba pàápàá kò lè ṣe ètò láìka iye. Nígbà tí ìjọba Ìwọ̀-Oòrùn, lábẹ́ Olóyè Ọbáfẹ́mi Awólọ́wọ̀, bẹ̀rẹ̀ ẹ̀kọ́ ọ̀fẹ́ ní 1955, àwọn ọmọ tí ó wà ní ilé ẹ̀kọ́ alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ kò tó 460,000 ní ọdún tí ó ṣáájú rẹ̀, ṣùgbọ́n wọ́n lé ní 810,000 ní ọdún náà. Ní 1976, tí ìjọba àpapọ̀ mú irú ètò bẹ́ẹ̀ dé gbogbo Nàìjíríà, bíi mílíọ̀nù méjì ó lé ọ̀ọ́dúnrún ẹgbẹ̀rún ọmọ ni wọ́n fọkàn sí fún kíláàsì kìíní. Bíi mílíọ̀nù mẹ́ta ni ó dé. Yàrá ìkàwé kò tó, tíṣà kò tó. Ní 1982 ni àwọn ọmọ náà parí alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀, tí ọ̀pọ̀ nínú wọn sì ń wá ọ̀nà àtiwọ sẹ́kọ́ńdìrì. Ọdún mẹ́fà ni ìjọba ti fi mọ̀ pé wọ́n ń bọ̀! Ọdún yẹn kan náà ni 6-3-3-4 bẹ̀rẹ̀. Wọ́n ra ẹ̀rọ ìkọ́ṣẹ́ láti òkè òkun wá, ṣùgbọ́n ní ọ̀pọ̀ ilé ẹ̀kọ́, inú páálí ni ẹ̀rọ náà wà títí ó fi bàjẹ́, nítorí pé kò sí iná mànàmáná, kò sì sí tíṣà tí ó mọ̀ ọ́n lò. Àkọsílẹ̀ ilé ẹ̀kọ́ kọ̀ọ̀kan ìbá ti sọ èyí fún wọn kí ọkọ̀ ojú omi tó gbé ẹrù náà.

A kò ṣàì rí àpẹẹrẹ rere nílẹ̀ wa náà. Láti 1970, Ọ̀jọ̀gbọ́n Babs Fáfúnwá àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ ní Yunifásítì Ifẹ̀ fi èdè Yorùbá kọ́ àwọn ọmọ alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ kan fún ọdún mẹ́fà gbáko, Gẹ̀ẹ́sì sì jẹ́ iṣẹ́ kan lára iṣẹ́ wọn. Wọ́n ń kọ èsì àwọn ọmọ náà sílẹ̀, wọ́n sì ń fi í wé ti àwọn tí wọ́n fi Gẹ̀ẹ́sì kọ́ láti ọdún kẹrin lọ. Èsì náà fi hàn pé àwọn tí wọ́n fi Yorùbá kọ́ kò rẹ̀yìn. Lóòótọ́, ọmọdé ni wọ́n, wọn kì í ṣe ọ̀dọ́langba, ṣùgbọ́n ẹ̀kọ́ tí ó wà níbẹ̀ kan gbogbo wa: àwọn ọ̀mọ̀wé náà kò fi ẹnu lásán jiyàn, àkọsílẹ̀ ni wọ́n gbé síwájú.

Àwọn kan yóò ta kò mí. Wọn yóò sọ pé tíṣà tí ó ti pẹ́ lẹ́nu iṣẹ́ kò nílò ìwé kankan, pé bí ó bá ti wo ojú ọmọ, ó ti mọ ohun tí ó lè ṣe. Èmi náà ṣe iṣẹ́ tíṣà títí mo fi fẹ̀yìn tì, n kò sì kóyán ojú inú olùkọ́ kéré. Ṣùgbọ́n ní kíláàsì tí ó ní ọmọ 60, àwọn tí ojú tíṣà máa ń tètè rí ni àwọn tí ń na ọwọ́ sókè àti àwọn tí ń pariwo. Àwọn jẹ́jẹ́ tí wọ́n jókòó sí àárín, tí wọn kì í yọ ẹnikẹ́ni lẹ́nu, ni wọ́n ń sọ nù. Ìwé máàkì kì í gbàgbé wọn. Yàtọ̀ sí èyí, bí wọ́n bá gbé tíṣà lọ sí ìlú mìíràn, gbogbo ohun tí ó mọ̀ nípa àwọn ọmọ náà ni yóò bá a lọ, àfi èyí tí ó bá kọ sílẹ̀.

Àwọn mìíràn yóò ní iṣẹ́ ti pọ̀ jù lọ́rùn àwọn tíṣà. Òótọ́ ni wọ́n sọ. Ìdí nìyí tí n kò fi bèèrè ìwé tuntun kankan. Èyí tí ó wà nílẹ̀ ti tó, bí a bá lè lo wákàtí díẹ̀ ní ìbẹ̀rẹ̀ sáà kọ̀ọ̀kan láti kà á.

Àtakò kan wà tí mo gbà pé ó lágbára jù wọ́n lọ. Wọ́n ní bí a bá ń wo máàkì ọmọ ṣáá, a ó sọ ọ́ ní olódo, orúkọ náà yóò sì mọ́ ọn lórí. Èyí lè ṣẹlẹ̀, nítorí náà ó yẹ kí òfin wà. Kí a má ṣe lẹ èsì ọmọ mọ́ ara ògiri fún ìtìjú. Kí a má ṣe ka máàkì rẹ̀ sí etí àwọn tí kò kàn. Ní ọdún 2023, Nàìjíríà ṣe òfin tí ó dáàbò bo àkọsílẹ̀ nípa ènìyàn, ó sì yẹ kí ilé ẹ̀kọ́ bọ̀wọ̀ fún ẹ̀mí òfin náà. Ju gbogbo rẹ̀ lọ, kí á ṣí àkọsílẹ̀ láti wá ọ̀nà fún ọmọ, kì í ṣe láti ti ilẹ̀kùn mọ́ ọn. Ẹni tí ó gba 35 ní ọdún yìí ní ẹ̀tọ́ láti di ẹni 65. Bí ètò kan kò bá fi àyè sílẹ̀ fún èyí, ètò ìkà ni.

Gbogbo ohun tí mo ti ń sọ bọ̀ yìí yóò di asán bí àkọsílẹ̀ náà bá jẹ́ irọ́. Àwọn tíṣà kan wà tí wọ́n ń fi máàkì tọrẹ. Àwọn ilé ẹ̀kọ́ kan wà tí wọ́n ń fún gbogbo ọmọ ní 35 nínú 40 kí èsì wọn lè dára lójú àwọn òbí. Àwọn akẹ́kọ̀ọ́ sì wà tí wọ́n ń wo ìwé oníwèé nígbà tẹ́ẹ̀sì. Ẹ̀yin ọmọ mi, ẹ gbọ́: bí aláìsàn bá purọ́ fún oníṣègùn, oògùn tí kì í ṣe ti àìsàn rẹ̀ ni yóò gbé mì. Ọmọ tí ó jí 38 wò nínú tẹ́ẹ̀sì Kẹ́mísìrì ti sọ fún olùkọ́ rẹ̀ pé òun kò nílò ìrànlọ́wọ́. Olùkọ́ yóò sì gbà á gbọ́. Ọjọ́ ìdánwò àṣekágbá ni àṣírí yóò tú, nígbà tí kò sí ẹni tí ó tún lè ṣe ètò kankan fún un mọ́.

Ẹ má ṣe dúró de ìjọba tàbí ọ̀gá ilé ẹ̀kọ́ kí ẹ tó bẹ̀rẹ̀. Ẹ wá gbogbo ripọ́ọ̀tì yín jáde lónìí, láti ọdún kìíní. Ẹ mú ìwé kan, kí ẹ kọ orúkọ iṣẹ́ kọ̀ọ̀kan sí ẹ̀gbẹ́ rẹ̀, kí ẹ sì to máàkì sáà kọ̀ọ̀kan tẹ̀lé e. Ẹ wo èyí tí ń gòkè, èyí tí ń lọ sílẹ̀, àti èyí tí ó dúró sójú kan. Fún èyí tí ń lọ sílẹ̀, ẹ wá sáà tí ó ti bẹ̀rẹ̀ sí í jábọ̀, kí ẹ sì tọ́ka sí ẹ̀kọ́ tí wọ́n kọ́ yín nígbà náà. Ibẹ̀ ni kí ẹ ti bẹ̀rẹ̀ àkàtúnkà. Ẹ lọ bá olùkọ́ yín tàbí olùgbani-nímọ̀ràn ilé ẹ̀kọ́ yín pẹ̀lú ìwé náà lọ́wọ́. Ẹ sì wá ìjábọ̀ àwọn olórí olùyẹ̀wò kà. WAEC ti gbé e sórí íntánẹ́ẹ̀tì. Akẹ́kọ̀ọ́ tí ó bá mọ ibi tí àwọn ẹ̀gbọ́n rẹ̀ ti fẹsẹ̀ kọ yóò gbé ẹsẹ̀ tirẹ̀ jẹ́jẹ́ bí ó bá dé ibẹ̀.

Ní ìkádìí, mo ti gbìyànjú láti fi hàn pé àkọsílẹ̀ akẹ́kọ̀ọ́ wúlò fún ọmọ kan, fún kíláàsì àti fún orílẹ̀-èdè, àti pé ewu tí ó wà nínú rẹ̀ kò kọjá ohun tí òfin àti òótọ́ lè ṣẹ́gun. Ìka kò dọ́gba, bẹ́ẹ̀ ni ẹ̀kọ́ tí ó yẹ ọmọ kan lè máà yẹ èkejì. Ọmọ ọdún mẹ́rìndínlógún kò ní ọdún púpọ̀ láti fi ṣòfò lórí ọ̀nà tí kì í ṣe tirẹ̀. Nítorí náà, kí a tó ṣe ètò ẹ̀kọ́ fún un, ẹ jẹ́ kí á ka ohun tí àwa fúnra wa ti kọ nípa rẹ̀.